Ross Freeman

Ross Freeman (1948–1989) jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ àti olùṣẹ̀dá ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni ó ṣẹ̀dá FPGA, ìyẹn irú ṣíípù kan tí ẹni tí ó rà á lè pinnu fúnra rẹ̀ iṣẹ́ tí yóò máa ṣe, tí ó sì lè yí iṣẹ́ náà padà nígbàkígbà tí ó bá fẹ́. Ní ọdún 1984, òun, Bernard Vonderschmitt àti James Barnett jọ dá ilé-iṣẹ́ Xilinx sílẹ̀ ní ìlú San Jose, ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́rníà. Ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó ṣe olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní orílẹ̀-èdè Gánà.

Iṣẹ́ Freeman dá lórí èrò kan tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ ìgbà náà kà sí ìnákúnàá. Ó gbà pé transistor yóò pọ̀, yóò sì dínwó tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní burú mọ́ láti ná ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn nítorí kí ènìyàn lè ní ààyè láti yí ọkàn padà. Ó kú kí èrò náà tó so èso tán. Ìṣirò floating-point, tí ó tóbi ju ohun tí ṣíípù àkọ́kọ́ rẹ̀ lè gbé lọ, ni ó wá di ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rí tí ó fi hàn pé òótọ́ ni ó rí.

Ìbí àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Wọ́n bí Freeman ní ọdún 1948 ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní àríwá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun àti transistor fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́, nítorí pé oṣù Kejìlá ọdún 1947 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Bell Laboratories kọ́kọ́ ṣe transistor tí ó ṣiṣẹ́. Transistor ni ohun kékeré tí ń jẹ́ kí iná kọjá tàbí tí ń dá iná dúró, tí kò sì ní ohunkóhun tí ń mira nínú rẹ̀. Láti ara àkójọ irú àwọn ohun kékeré bẹ́ẹ̀ ni gbogbo kọ̀ǹpútà òde òní ti ń ṣiṣẹ́.

Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan, ó sì gba oyè àkọ́kọ́ ní ọdún 1969. Lẹ́yìn náà ni ó gba oyè kejì ní Yunifásítì Illinois ní ọdún 1971.

Iṣẹ́ olùkọ́ ní Gánà

Freeman jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn fún àjọ Peace Corps. Ààrẹ John F. Kennedy ni ó dá àjọ náà sílẹ̀ ní ọdún 1961, Gánà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó kọ́kọ́ gba àwọn olùyọ̀ǹda náà ní ọdún yẹn. Nàìjíríà pẹ̀lú gba tirẹ̀ ní ọdún kan náà. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n rán lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama, níbi tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ti ṣọ̀wọ́n. Àwọn tí wọ́n lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní àwọn ọdún 1960 sí 1970 kò ní ṣàì rántí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ ìṣirò ni Freeman kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Gánà.

Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, kò tíì sí ẹ̀rọ ìṣirò àfọwọ́tẹ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé tábìlì logarithm ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò tí nọ́ńbà rẹ̀ bá tóbi. Ẹni tí ó bá ń lo tábìlì náà ní láti pín nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà méjì: àwọn díjíìtì tí yóò wá nínú tábìlì, àti iye ipò tí àmì ẹ̀sún nọ́ńbà náà ti sún síwájú tàbí sẹ́yìn. Irú ìpín méjì yìí gan-an ni ìṣirò floating-point inú kọ̀ǹpútà dúró lé lórí.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní Zilog

Nígbà tí Freeman wọ inú iṣẹ́ ṣíípù, ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Zilog ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́rníà. Zilog ni ó ṣe Z80, tí ó jáde ní ọdún 1976, tí ó sì gbajúmọ̀ gidigidi nínú àwọn kọ̀ǹpútà kékeré ìgbà náà. Owó ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì Exxon ni ó wà lẹ́yìn Zilog. Ibẹ̀ ni Freeman ti di ẹni tí ń darí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ibẹ̀ náà ni òun àti àwọn méjì tí wọ́n jọ dá Xilinx sílẹ̀ ti mọ ara wọn.

Ní àsìkò náà, ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ tuntun. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni pé kí ó ra ọ̀pọ̀ ṣíípù kéékèèké lọ́jà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní iṣẹ́ díẹ̀ tí ó lè ṣe, kí ó sì fi wáyà so wọ́n pọ̀ lórí pákó kan. Irú pákó bẹ́ẹ̀ máa ń tóbi, ó máa ń jẹ iná, ó sì máa ń lọ́ra. Ọ̀nà kejì ni pé kí ó sanwó kí wọ́n ṣe ṣíípù kan fún òun nìkan. Èyí máa ń yára, ó sì kéré, ṣùgbọ́n owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pọ̀, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kí ṣíípù náà tó tẹ oníbàárà lọ́wọ́. Bí àṣìṣe kan ṣoṣo bá wà nínú rẹ̀, kò sí ohun tí a lè ṣe ju kí a da gbogbo rẹ̀ nù, kí a tún sanwó, kí a sì tún dúró.

Freeman fẹ́ ọ̀nà kẹta. Ohun tí ó rò ni ṣíípù òfìfo tí ilé-iṣẹ́ yóò ṣe ní ọ̀pọ̀ yanturu, tí gbogbo wọn yóò bá ara wọn mu, tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan yóò sì kọ iṣẹ́ tirẹ̀ sínú rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá gba ohùn sórí kásẹ́ẹ̀tì tí kò tíì sí nǹkan lórí rẹ̀. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, yóò pa èyí tí ó kọ rẹ́, yóò sì kọ òmíràn.

Àtakò sí èrò rẹ̀

Àwọn tí wọ́n ṣiyèméjì sí èrò yìí ní ìdí tí ó múná. Ní ilé-iṣẹ́ ṣíípù, kíkà ni wọ́n máa ń ka transistor, bí ìyá oníṣòwò ti ń ka ọjà rẹ̀. Ẹni tí ó bá lè fi transistor mẹ́wàá ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíràn fi ogún ṣe ni wọ́n ń yìn. Ṣùgbọ́n ṣíípù tí ó lè di ohunkóhun ní láti gbé mẹ́mórì tí yóò rántí ohun tí ó jẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, ó sì ní láti ní ọ̀nà iná púpọ̀ tí a lè ṣí tàbí tí a lè dí, àní àwọn tí iṣẹ́ kan pàtó kò ní lò rárá. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ transistor ni yóò máa ṣe iṣẹ́ tí díẹ̀ nínú wọn ìbá ti tó fún.

Ìdáhùn Freeman wá láti inú ohun tí Gordon Moore ti ṣàkíyèsí ní ọdún 1965. Moore sọ pé iye transistor tí ó lè wà lórí ṣíípù kan ń di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún. Ní ọdún 1975 ni ó yí i padà sí ọdún méjì-méjì. Gbogbo onímọ̀ ẹ̀rọ ni ó mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ó ya Freeman sọ́tọ̀ ni pé ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibi tí ó ń lọ. Bí transistor bá ń di ìlọ́po méjì, owó rẹ̀ yóò máa lọ sílẹ̀, yóò sì dé ọjọ́ kan tí kò ní jẹ́ ohun ọ̀wọ́n mọ́. Ohun tí yóò wá wọ́n ni àkókò onímọ̀ ẹ̀rọ, àti owó tí àṣìṣe kan lè mú kí ó ṣòfò.

Zilog àti àwọn tí wọ́n ní i kò rí ọjà ńlá nínú èrò yìí, nítorí náà Freeman fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Ìdásílẹ̀ Xilinx

Ní ọdún 1984, Freeman, Vonderschmitt àti Barnett rí mílíọ̀nù 4.25 dọ́là gbà lọ́wọ́ àwọn olùdókòwò, wọ́n sì dá Xilinx sílẹ̀. Vonderschmitt ni ó dàgbà jù nínú wọn, ó sì ti pẹ́ nínú iṣẹ́ náà. Ó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé-iṣẹ́ RCA kí ó tó wá sí Zilog. Òun ni ó di olórí ilé-iṣẹ́ náà, Freeman sì mójú tó iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Vonderschmitt kò fẹ́ kí Xilinx ní ilé-iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ṣíípù tirẹ̀, nítorí pé irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gbé owó mì. Ó bá ilé-iṣẹ́ Seiko ní Japan ṣe àdéhùn pé àwọn ni yóò máa bá Xilinx ṣe ṣíípù, nígbà tí Xilinx fúnra rẹ̀ yóò máa ya àwòrán rẹ̀ tí yóò sì máa tà á. Xilinx wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe òwò lọ́nà yìí, tí ó wá di àṣà ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ṣíípù lóde òní. Èrò méjèèjì bá ara wọn mu: Freeman fẹ́ ṣíípù tí gbogbo rẹ̀ jọra, èyí sì ni ohun tí ó rọrùn jù láti fi rán ẹlòmíràn.

XC2064 àti bí ó ti ń ṣiṣẹ́

FPGA àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1985. XC2064 ni orúkọ rẹ̀. Bill Carter, tí òun náà ti ṣiṣẹ́ ní Zilog, ni ó ṣáájú nínú yíya àwòrán rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù 64 ni ó wà lórí rẹ̀, tí wọ́n tò ní ìlà mẹ́jọ, mẹ́jọ nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà 64 tí ó wà nínú orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí èyí. Ó ní ẹnu-ọ̀nà 58 tí iná ń gbà wọlé tàbí tí ó ń gbà jáde, ó sì ní transistor bíi 85,000.

Búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan lè gba àmì mẹ́rin wọlé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 0 tàbí 1. Àmì mẹ́rin bẹ́ẹ̀ lè tò ara wọn ní ọ̀nà 16. Ẹni tí ó bá mọ bí babaláwo ti ń tẹ odù yóò tètè lóye ìdí rẹ̀: ojú odù kọ̀ọ̀kan ní ipò mẹ́rin, ipò kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlà kan tàbí ìlà méjì, nítorí náà ni àwọn ojú odù fi jẹ́ mẹ́rìndínlógún, tí wọn kò lè dín, tí wọn kò sì lè lé. Nínú búlọ́ọ̀kù Freeman, mẹ́mórì kékeré kan pa ìdáhùn 16 mọ́, ìdáhùn kan fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àmì mẹ́rin bá wọlé, búlọ́ọ̀kù náà kò ṣe ìṣirò kankan. Ìdáhùn tí ó bá wọn mu nìkan ni ó ń wò, tí ó sì ń gbé jáde. Bí a bá yí ìdáhùn 16 náà padà, búlọ́ọ̀kù náà ti di ohun mìíràn. Èyí tí ń ṣe ìròpọ̀ láàárọ̀ lè máa ṣe ìfiwéra lọ́sàn-án.

Láàárín àwọn búlọ́ọ̀kù ni àwọn wáyà wà, wọ́n sì ní oríta tí a lè ṣí tàbí tí a lè dí. Mẹ́mórì mìíràn ni ó ń rántí èyí tí ó ṣí àti èyí tí ó dí. Bí a bá ti pa iná, gbogbo ohun tí mẹ́mórì náà rántí yóò parẹ́, a ó sì ní láti tún un kọ nígbà tí iná bá dé. Àwọn kan kà á sí àléébù nígbà náà. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni ó jẹ́ kí a lè tún ṣíípù náà kọ láìlóǹkà, nígbà tí irú àwọn ṣíípù mìíràn tí a ń jó wáyà inú wọn kò ṣeé kọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Freeman kọ́ ni ó kọ́kọ́ ronú nípa ẹ̀rọ tí a lè tún tò. Ní ọdún 1960, Gerald Estrin ní Yunifásítì Kalifọ́rníà ní Los Angeles ti dábàá kọ̀ǹpútà tí apá kan rẹ̀ dúró sójú kan, tí apá kejì sì ṣeé tún tò fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí Freeman fi kún un ni pé ó kó gbogbo rẹ̀ sórí ègé sílíkọ́nì kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni lè rà.

Ikú rẹ̀

Ní ọdún 1989, ìjọba Amẹ́ríkà fún Freeman ní ìwé ẹ̀tọ́ olùṣẹ̀dá tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 4,870,302, lórí sẹ́kíìtì tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ àti ìsopọ̀ rẹ̀ ṣeé tún tò. Ọdún yẹn náà ni ó kú. Kò dàgbà ju ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ogójì ọdún lọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1990, Xilinx bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpín ìdókòwò rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn.

Nígbà tí ó kú, iṣẹ́ kéékèèké ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi FPGA ṣe. Ó ń so àwọn ṣíípù ńlá pọ̀ mọ́ ara wọn, ó sì ń rọ́pò àwọn ṣíípù wẹ́wẹ́ tí ìbá kún orí pákó. Ìṣirò gidi, irú èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń ṣe, ṣì jìnnà sí i.

Floating-point: ìdánwò tí ó le jù

Floating-point ni ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ nọ́ńbà tí ó tóbi púpọ̀ tàbí tí ó kéré púpọ̀ láàárín ààyè kan náà. Ọgbọ́n rẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn Yorùbá. Nígbà tí owó ẹyọ jẹ́ owó ìná, ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 owó ẹyọ. Ẹni tí ó bá sọ pé ọ̀kẹ́ mẹ́ta ti sọ ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà: iye, tí í ṣe mẹ́ta, àti bí ìdì tí ó fi ń kà á ti tóbi tó. Bákan náà ni a lè kọ 4,500,000 gẹ́gẹ́ bí 4.5 tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú 10 ní agbára 6. Nínú kọ̀ǹpútà, 2 ni ó dúró dípò 10. Konrad Zuse ní Jámánì ti lo ọ̀nà yìí nínú kọ̀ǹpútà Z3 tí ó parí ní ọdún 1941. Bíìtì 22 ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní nínú ẹ̀rọ náà: 1 fún àmì, 7 fún agbára, 14 fún iye.

Ó rọrùn láti kọ nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti ṣe sẹ́kíìtì tí yóò rò wọ́n pọ̀. Bí a bá fẹ́ ro 4.5 ní agbára 6 pọ̀ mọ́ 3.2 ní agbára 4, a kò lè ro 4.5 pọ̀ mọ́ 3.2 lásán. A ní láti fi àwọn agbára wéra, kí a sún 3.2 sẹ́yìn di 0.032 kí agbára méjèèjì lè dọ́gba, kí a rò wọ́n pọ̀ di 4.532, kí a wò ó bóyá àbájáde náà ti kúrò ní ipò rẹ̀, kí a sún un padà, kí a sì gé ohun tí ó bá ṣẹ́kù kù lọ́nà tí ó tọ́. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ sẹ́kíìtì tirẹ̀.

Ọdún 1985, tí XC2064 jáde, ni ẹgbẹ́ IEEE gbé òfin 754 kalẹ̀, èyí tí ó jẹ́ kí gbogbo kọ̀ǹpútà máa ṣe floating-point lọ́nà kan náà. Nínú òfin náà, nọ́ńbà oníbíìtì 32 ní bíìtì 1 fún àmì, 8 fún agbára àti 23 fún iye, pẹ̀lú bíìtì 1 tí a kì í kọ sílẹ̀ nítorí pé 1 ni ó máa ń jẹ́. Èyí sọ iye náà di bíìtì 24. Sẹ́kíìtì tí yóò sọ irú nọ́ńbà méjì di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní láti kọ́kọ́ wá àbájáde kéékèèké 576, ìyẹn 24 lọ́nà 24, kí ó tó rò wọ́n pọ̀. Búlọ́ọ̀kù 64 péré ni ó wà lórí XC2064.

Ìfiwéra kan fi hàn pé àwọn alátakò Freeman kò sọ̀rọ̀ lásán. Intel 8087, ṣíípù floating-point tí ó jáde ní ọdún 1980, ní transistor bíi 45,000, ó sì ń ṣe ìròpọ̀, ìsọdipúpọ̀, pípín àti púpọ̀ sí i. XC2064 fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìlọ́po méjì rẹ̀, síbẹ̀ ìsọdipúpọ̀ kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ kò lè wọ inú rẹ̀. Iye owó tí Freeman ní kí a san fún òmìnira nìyẹn, ó sì ga ní tòótọ́ ní ọdún tí ó kọ́kọ́ béèrè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n transistor ń pọ̀ sí i bí ó ti retí. Ìran XC4000, tí ó jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní ọ̀nà àkànṣe tí ń gbé àmúlọ ìròpọ̀ kọjá kíákíá láti búlọ́ọ̀kù kan sí èkejì. Ní ọdún 1994, Barry Fagin àti Cyril Renard tẹ ìwádìí jáde lórí fífi FPGA ṣe floating-point. Wọ́n rí i pé ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ààyè kò tó. Ní ọdún 1995, Nabeel Shirazi, Al Walters àti Peter Athanas ní Virginia Tech gba ọ̀nà mìíràn. Wọn kò fi dandan lo bíìtì 32. Wọ́n ṣe nọ́ńbà oníbíìtì 16 àti oníbíìtì 18 tí ó tó fún iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n sì fi wọ́n ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ Splash 2, tí ó kún fún FPGA Xilinx. Kò sí ẹni tí ó lè ní kí 8087 dín sẹ́kíìtì rẹ̀ kù. FPGA nìkan ni ó gba irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì tí ó ran àwọn olùṣẹ̀dá lọ́wọ́ wà nínú búlọ́ọ̀kù Freeman láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn 16 rẹ̀, búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan ní ibi kan tí ó lè fi bíìtì kan pamọ́ títí aago ṣíípù yóò fi tún lù. Nípa èyí, a lè pín ìròpọ̀ floating-point sí ìpele-ìpele. Bí nọ́ńbà àkọ́kọ́ bá ti kúrò ní ìpele ìfiwéra bọ́ sí ìpele sísún, nọ́ńbà kejì yóò ti wọ ìpele ìfiwéra, bí àwọn tí ń ta omi láti ọwọ́ dé ọwọ́ nígbà tí ilé bá ń jó. Nọ́ńbà kan yóò pẹ́ díẹ̀ kí ó tó jáde, ṣùgbọ́n lẹ́yìn èyí, àbájáde kan yóò máa jáde ní gbogbo ìgbà tí aago bá lù. Báyìí ni àwọn sẹ́kíìtì floating-point orí FPGA ṣe ń yára bí aago FPGA tilẹ̀ lọ́ra ju ti kọ̀ǹpútà lásán lọ: ọ̀pọ̀ wọn lè máa ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìran Virtex-II, tí Xilinx gbé jáde ní nǹkan bí ọdún 2001, ní sẹ́kíìtì ìsọdipúpọ̀ oníbíìtì 18 lọ́nà 18 tí wọ́n ti kọ́ mọ́ ṣíípù náà. Mẹ́rin nínú wọn tó fún ìsọdipúpọ̀ iye oníbíìtì 24. Ní ọdún 2004, Keith Underwood ní Sandia National Laboratories fi agbára FPGA wé ti kọ̀ǹpútà lásán láti ọdún dé ọdún, ó sì fi hàn pé agbára floating-point FPGA ń yára dàgbà jù. Nígbà tí ó yá, ilé-iṣẹ́ Altera, tí ó jẹ́ olùdíje Xilinx, kọ́ sẹ́kíìtì floating-point oníbíìtì 32 mọ́ inú ìran Arria 10. Ohun tí kò lè wọ inú FPGA àkọ́kọ́ ti wá di ọ̀kan nínú àwọn ohun èlò tí a ń bá nínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́.

Ogún rẹ̀

Lónìí, a ń rí FPGA nínú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká, nínú ẹ̀rọ àyẹ̀wò ilé-ìwòsàn, nínú ọkọ̀ òfurufú àti nínú àwọn ilé kọ̀ǹpútà ńlá. Virtex-7 2000T, tí Xilinx gbé jáde ní ọdún 2011, ní transistor bílíọ̀nù 6.8, ó sì ní ẹ̀yà ìṣirò tí ó tó bíi mílíọ̀nù méjì, níbi tí XC2064 ti ní 64. Ilé-iṣẹ́ AMD ra Xilinx ní ọdún 2022. Intel ti ra Altera ní ọdún 2015.

FPGA ti ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní owó láti ṣe ṣíípù tiwọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ní pákó FPGA kékeré kan àti kọ̀ǹpútà lè ya àwòrán sẹ́kíìtì floating-point tirẹ̀, kí ó gbé e sórí ṣíípù gidi, kí ó rí àṣìṣe rẹ̀, kí ó sì tún un ṣe ní ọjọ́ kan náà. Ní ìgbà tí Freeman wà ní Zilog, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ oṣù àti owó ńlá lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ṣe é.

Ìdánilọ́lá

Xilinx fi orúkọ Freeman sọ àmì ẹ̀yẹ kan tí ó fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀dá ohun tuntun. Ní ọdún 2009, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú National Inventors Hall of Fame ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nítorí FPGA tí ó ṣẹ̀dá.